Mínọ́ọ̀sì Orí Wi-Fi Kì í Ṣe Gbèsè

"Ọmọ mi, ta ni mo jẹ lówó?"

Báyìí ni Bàbá kan ní àdúgbò Mọ̀ọ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ṣe kí mi káàbọ̀ nígbà tí mo dé ilé wọn. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìntì. Ọmọ wọn tó wà lókè òkun ló ní kí n bá òun wo Wi-Fi tí òun rà fún wọn, torí ìgbàkígbà tí òun bá pè wọ́n lórí fídíò, ojú Bàbá a dúró gbagidi bí ère, ohùn wọn a sì máa já. Ọmọ-ọmọ wọn kan ti fi áàpù tó ń wọn agbára Wi-Fi sórí fóònù wọn. Wọ́n gbé fóònù náà sí mi lójú: −78 dBm.

"Wò ó. Mínọ́ọ̀sì. Ọmọ Iléṣà ni ìyá mi, òṣómàáló sì ni bàbá tó bí i. Bí òṣómàáló bá kọ irú èyí síwájú orúkọ ẹ, yóò wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ ni, kò sì ní dìde àfi tó bá gbowó rẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Bàbá nìkan kọ́ ló ń rò bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe láàárín Ifẹ̀ àti Iléṣà ni kí n máa bá èèyàn to Wi-Fi, kò sì sí ohun tó ń rú wọn lójú tó nọ́ḿbà yìí. Àwọn kan rò pé mínọ́ọ̀sì túmọ̀ sí pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Àwọn mìíràn rí −78 lẹ́gbẹ̀ẹ́ −56, wọ́n ní 78 ló pọ̀ jù, wọ́n wá gbé àga wọn lọ síbi tó burú jù nínú ilé.

"Bàbá," mo ní, "kí ni ẹ̀rìndínlógún?"

Wọ́n wò mí bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ wá pàṣán. "Ogún tí a yọ ẹ̀rin kúrò nínú rẹ̀."

"Ẹni tó ní owó ẹyọ ẹ̀rìndínlógún lọ́wọ́, ṣé ó jẹ gbèsè ẹ̀rin?"

"Gbèsè kẹ̀? Ẹ̀rìndínlógún ló ní." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Áà. Ibi tí wọ́n ti ń yọ ọ́ ló yẹ kí n béèrè."

Bàbá ti bá mi ṣe ìdajì iṣẹ́ náà tán. Ó ti mọ́ àwa Yorùbá lára láti máa ka nǹkan wálẹ̀ láti orí nọ́ḿbà tó jù ú lọ. Àrúndínláàádọ́ta ni 45, ìyẹn àádọ́ta tó dín márùn-ún, àádọ́ta fúnra rẹ̀ sì ni ọgọ́ta tó dín mẹ́wàá. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pe ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta ní onígbèsè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni dBm rí. Ibi tí wọ́n ti ń yọ ọ́ ni mílíwáàtì kan. Iṣẹ́ lẹ́tà m tó gbẹ̀yìn ni láti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ wáàtì: gílóòbù LED tó ń tan pálọ̀ lè jẹ́ wáàtì 10. Ẹ gé wáàtì kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ẹyọ kan níbẹ̀ ni mílíwáàtì. Agbára tó bá jẹ́ mílíwáàtì kan gééré ni à ń kọ ní 0 dBm. Òdo yẹn kì í ṣe òfo o. Ojú ìlà ni, bí ojú ìlà tí àwọn sáré-sáré ń dúró lé.

Ohun kan ṣoṣo ni dBm fi yàtọ̀ sí ẹ̀rìndínlógún. Ẹyọ ni à ń yọ nínú ẹ̀rìndínlógún. Nínú dBm, gbogbo ìgbà tí nọ́ḿbà bá fi mẹ́wàá wálẹ̀, ìdámẹ́wàá ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló kù. Kì í ṣe pé ẹ san ìdámẹ́wàá ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹ sì mú mẹ́sàn-án tó kù lọ sílé. Òdìkejì rẹ̀ ni, ìdámẹ́wàá nìkan lẹ mú délé. Nítorí náà, −10 dBm ni ìdámẹ́wàá mílíwáàtì. −20 ni ìdámẹ́wàá ìdámẹ́wàá, ìyẹn ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. −30, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Bó bá fi máa di −60, a ti gé e lẹ́ẹ̀mẹfà, ó ti di ìdá kan nínú mílíọ̀nù, −90 sì ni ìdá kan nínú bílíọ̀nù mílíwáàtì kan ṣoṣo. Fóònù tó wà lápò yín ń gbọ́ irú nǹkan tín-ín-tìn-ìn-tín bẹ́ẹ̀, ó ń tú u, ó sì ń fi àwòrán hàn yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Bó bá ń gòkè, bákan náà ni. 10 dBm ni mílíwáàtì 10, 20 dBm ni 100, 30 dBm ni odindi wáàtì kan. Ráútà ilé, ẹ̀rọ tó ń tan Wi-Fi ká, sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 20. Ilé iṣẹ́ rédíò tó bá ń fi kílówáàtì kan sọ̀rọ̀ wà ní 60. Nọ́ḿbà kejì tó yẹ kéèyàn há sórí lẹ́yìn mẹ́wàá ni mẹ́ta: bó bá fi mẹ́ta gòkè, agbára náà ti di ìlọ́po méjì, bó bá fi mẹ́ta wálẹ̀, ìdajì ló kù. Ẹni tó mọ mẹ́wàá àti mẹ́ta ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí èmi náà ń lò lójoojúmọ́.

Bí ẹ bá rí dB láìsí m lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe iye agbára ni wọ́n ń sọ, ìlọ́po nìkan ni. Ògiri lè jẹ dB mẹ́wàá, torí pé yálà agbára tó dé iwájú ògiri pọ̀ tàbí ó kéré, ìdámẹ́wàá rẹ̀ ni yóò jáde lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ohun tí fóònù gbà, dBm ni. Mo ti rí ọlọ́jà tó ń ta ẹ́ríà (apá ẹ̀rọ tó ń rán ìgbì rédíò jáde, tó sì ń gbà á) tí kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, tó sì ń búra.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tẹlifóònù ní iléeṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà ló dá òṣùwọ̀n yìí sílẹ̀ láàárín ọdún 1920 sí 1930. Wọ́n fẹ́ mọ bí ohùn ṣe ń rẹ̀ sí i bí wáyà bá ṣe gùn tó. Lọ́dún 1928 ni wọ́n sọ ọ́ ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, láti fi rántí Alexander Graham Bell. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ B yẹn ní lẹ́tà ńlá. Nígbà tí mo sọ pé lọ́ọ̀gì (logarithm) ni wọ́n fi ṣe é, Bàbá ní àwọn rántí ìwé lọ́ọ̀gì nílé ẹ̀kọ́ girama, àwọn ò sì fẹ́ rántí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àǹfààní lọ́ọ̀gì náà ni pé ó sọ ìsọdipúpọ̀ di àròpọ̀ lásán. Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ráútà rán 20 dBm jáde. Lórí Wi-Fi 2.4 GHz (ọ̀kan nínú irú ìgbì tí Wi-Fi ń lò, mo ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀), mítà àkọ́kọ́ nìkan máa ń jẹ nǹkan bí 40 dB, torí pé ìgbì rédíò ń tàn kálẹ̀ yíká bí ìmọ́lẹ̀ àtùpà, ẹ́ríà kékeré inú fóònù sì ń bu ìwọ̀nba tirẹ̀ níbẹ̀. Ó ku −20. Láti mítà kan dé mítà mẹ́wàá, 20 mìíràn lọ. Ó di −40. Láti mítà mẹ́wàá dé ogún, mẹ́fà péré ni, ó di −46. Gbogbo ìgbà tí jíjìn bá di ìlọ́po méjì, mẹ́fà ló ń lọ. Ìyẹn ni pé mítà àkọ́kọ́ jẹ ju gbogbo mítà mọ́kàndínlógún tó tẹ̀ lé e lọ. Èmi fúnra mi ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́.

Ohun tó tẹ̀yìn ìṣirò yìí jáde ni pé nínú ilé, jíjìn kì í sábà jẹ́ ọ̀tá. Yàrá Bàbá kò ju mítà mẹ́wàá lọ sí ráútà. Bí ààrin wọn bá ṣí sílẹ̀ gbalaja, −40 ló yẹ ká rí, kì í ṣe −78. Kí ló wá jẹ èyí tó kù?

Mo béèrè ibi tí ráútà wà. Wọ́n mú mi lọ sí pálọ̀, wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù irin kan. Ráútà ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀ láàárín fáìlì owó ìfẹ̀yìntì àti Bíbélì ńlá. "Àwọn ọmọ yìí a máa fọwọ́ kàn án," wọ́n ní.

Irin ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Kì í jẹ́ kí ìgbì rédíò kọjá, ó ń tì í padà ni. Ìwọ̀nba tó bá yọ́ jáde láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló kù. Páànù, bọ́gìlárì ojú fèrèsé, ẹ̀yìn fíríìjì, jígí ńlá, bákan náà ni wọ́n ń ṣe. Omi ló tẹ̀ lé e: táǹkì omi, igi tí òjò rẹ̀, àti ara èèyàn, torí omi ló pọ̀ jù nínú wa. Ẹni tó bá to Wi-Fi sí gbọ̀ngàn nígbà tó ṣófo, tó wá padà lọ wò ó nígbà tí èrò kún un, yóò rí i pé àwọn èèyàn náà ti mu nínú rẹ̀. Ògiri búlọ́ọ̀kù ń jẹ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ ilé àtijọ́ nílẹ̀ Ifẹ̀, tó nípọn ju ìgbọ̀nwọ́ lọ níbòmíràn, tó sì ń mu omi lásìkò òjò, ìyẹn gan-an ni mo bẹ̀rù. Ilé Bàbá ní méjì nínú rẹ̀ láàárín pálọ̀ àti yàrá.

Mo gbé ráútà jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé e lé orí rẹ̀. Fóònù tó wà ní yàrá di −66. Méjìlá ló gòkè, ìyẹn mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin: ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹrin, ó di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. (Bàbá ní nọ́ḿbà yẹn ń tẹ̀ lé wa.) Mo wá fa wáyà dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé ráútà kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà, kó má bàa tún máa la ògiri méjì kọjá. −56. Mẹ́wàá tún gòkè, ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ fi mẹ́wàá sọ mẹ́rìndínlógún di púpọ̀, ẹ ó rí ọgọ́jọ. Agbára tó ń wọ yàrá Bàbá di ìlọ́po 160, a kò sì ra nǹkan kan ju ìṣó méjì lọ.

Ráútà wọn ní orúkọ méjì, ọ̀kan 2.4, èkejì 5. GHz ni méjèèjì, ìyẹn iye bílíọ̀nù ìgbà tí ìgbì náà ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. H àti z yẹn dúró fún Heinrich Hertz, ará Jámánì tó fi hàn lọ́dún 1888 pé ìgbì rédíò wà lóòótọ́. Bí nọ́ḿbà náà bá ṣe ń tóbi ni ìgbì ń kúrú sí i. Orísun FM 89.5 tí a ń gbọ́ nílẹ̀ Ifẹ̀, ìgbì rẹ̀ gùn ju mítà mẹ́ta lọ. Ti Wi-Fi 2.4 kò gùn tó pẹ́ńsù tuntun, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12 àbọ̀. Ti 5 kò ju bí ìka ọwọ́ lọ. Èyí tó gùn ń yí ìdènà po, ó sì ń la ògiri dáadáa. Èyí tó kúrú tètè ń sọnù, ṣùgbọ́n àyè tó ní láti gbé ẹrù pọ̀. Nínú ilé amọ̀, 2.4 ni mo ń fún àwọn àgbàlagbà. Ẹni tó bá jókòó sí pálọ̀ kan náà pẹ̀lú ráútà kó lo 5.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀, torí agbára nìkan kọ́ ni. Ní ilé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, mo ti bá −48 pàdé, tó lágbára ju ti Bàbá lọ, tí ojú ìwé kan kò sì fẹ́ ṣí. Ẹ ronú nípa ẹni méjì tó ń sọ̀rọ̀ ní Lágeré ní Ilé-Ifẹ̀ nírọ̀lẹ́, ọlọ́kadà ń fun fèrè, jẹnẹrétọ̀ ń dún. Bí ohùn ṣe ga tó kò tó. Bó ṣe ga ju ariwo lọ ni kókó. Ariwo wà nínú afẹ́fẹ́ rédíò náà. Kódà bí kò bá sí ẹ̀rọ kankan nítòsí, ooru lásán ń dá ariwo tó wà ní nǹkan bíi −101 dBm lórí àyè tí Wi-Fi ń lò, ẹ̀rọ inú fóònù tún ń fi tirẹ̀ kún un, ó ń di nǹkan bíi −95. Nígbà tí Bàbá wà ní −78, ìyàtọ̀ wọn kò ju mẹ́tàdínlógún lọ. Ó tó fún ọ̀rọ̀ kíkọ ránṣẹ́, kò tó fún fídíò tó dán. Mo máa ń wá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sókè. Ní −56, Bàbá ní mọ́kàndínlógójì.

Ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀. Wi-Fi máa ń tẹ́tí kó tó sọ̀rọ̀: bí ẹlòmíràn bá ń sọ̀rọ̀ lórí ṣánẹ́ẹ̀lì kan náà (ìyẹn ìpín kan nínú àyè tí Wi-Fi ń lò), yóò dákẹ́ dè é. Yàrá mẹ́rìnlá, ráútà mẹ́rìnlá, gbogbo wọn lórí ṣánẹ́ẹ̀lì 6, oníkálukú ń dúró de ẹnìkejì. Lórí 2.4 GHz, ṣánẹ́ẹ̀lì 1, 6 àti 11 ni mẹ́ta tí a sábà ń lò, torí wọn kì í gun ara wọn lórí, ẹ̀rọ máíkírówéèfù tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ gbóná sì ń pariwo láàárín wọn níbẹ̀, ní 2.45 GHz. A pín àwọn ráútà náà sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a gbé àwọn kan lọ sórí 5 GHz. Nǹkan rọrùn díẹ̀. Mi ò ní purọ́ pé ó di ti olówó.

Ẹ tún rántí pé láàárín fóònù àti ráútà nìkan ni dBm Wi-Fi ń wọn. Bí dátà bá ti tán, tàbí tí òpó tó ń fún ráútà lóúnjẹ bá dákú, ẹ ó máa rí −40 kí ẹ máa wo òfo. Ọ̀nà láti ilé dé títì dán. Títì ló bàjẹ́.

Èyí tó ń ná èèyàn lówó jù ni ríra ráútà alágbára. Ọ̀rọ̀ Wi-Fi, àlọ àti àbọ̀ ni. Ráútà lè ké dé ìsàlẹ̀ ọgbà, ṣùgbọ́n fóònù kékeré, tí agbára tirẹ̀ sábà máa ń kéré sí ti ráútà, ló máa dáhùn. Fóònù á gbọ́, á fi ìlà pípé hàn, ráútà kò sì ní gbọ́ èsì. Ẹ́ríà tó dára sàn jù, torí ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ lálọ àti lábọ̀. Ẹ́ríà kì í dá agbára, ó ń darí rẹ̀ ni, bí tọ́ọ̀ṣì ṣe ń kó ìmọ́lẹ̀ gílóòbù kékeré síwájú tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń ṣókùnkùn.

Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Iléṣà fẹ́ kí ilé wọn méjì, tó jìnnà síra ní kìlómítà kan, máa lo íntánẹ́ẹ̀tì kan náà. Mo ṣírò: 20 tí ẹ̀rọ rán, 15 láti ara ẹ́ríà níhìn-ín, 15 láti ara èyí tó wà lọ́hùn-ún, a yọ 100 tí kìlómítà kan máa ń jẹ lórí 2.4 GHz. −50. Inú mi dùn. A to ó tán, a rí −83. Ẹ mọ bí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ṣe rí, òkè níhìn-ín, kòtò lọ́hùn-ún. Èjìká òkè kan àti páànù ilé tó wà lórí rẹ̀ ló yọ́ wọ ojú ọ̀nà. Mo ń rí ẹ́ríà kejì láti ibi tí mo dúró sí, mo wá rò pé ìyẹn tó. Kò tó. Ìgbì rédíò kì í rìn bí òwú, ó ń wú láàárín bí ẹni tó lóyún. Fún kìlómítà kan lórí 2.4, ààrin ọ̀nà ń fẹ́ àyè tó lé ní mítà márùn-ún yíká ìlà tí ojú ń rí, ó kéré tán mẹ́ta nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo. A fi mítà mẹ́rin kún òpó kọ̀ọ̀kan, a rí −54, mo sì mú un bẹ́ẹ̀.

Ìlà kéékèèké orí fóònù ńkọ́? Ẹ má gbára lé e. Kò sí òfin kan tó sọ iye dBm tó jẹ́ ìlà mẹ́ta. Oníkálukú tó ń ṣe fóònù ló ń ya tirẹ̀. Lọ́dún 2010, iléeṣẹ́ Apple fúnra wọn kọ ọ́ sí gbangba pé ìṣirò tí iPhone fi ń ya ìlà kò tọ̀nà, pé ìlà mẹ́rin ló ń yọ nígbà mìíràn níbi tó yẹ kó jẹ́ méjì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá pè mí. Wọ́n ti bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, ojú wọn kò dì. Ṣùgbọ́n wọ́n ti wọ ibi tí fóònù ti ń sọ nípa SIM, wọ́n sì rí nǹkan mìíràn.

"Mínọ́ọ̀sì ẹ̀tàdínlọ́gọ́rùn-ún! Ọ̀rọ̀ yìí ti di dín nínú dín. Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti kú ni?"

"Rárá, Bàbá. Ti 4G nìyẹn, kì í ṣe Wi-Fi. Lórí Wi-Fi, −97 ti kú. Lórí 4G, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bó bá di −115 ni kí ẹ pè mí."

"Kí ló dé? Ṣebí mílíwáàtì kan náà ni wọ́n ti ń yọ ọ́?"

Olùkọ́ ni lóòótọ́. Mo ṣàlàyé pé Wi-Fi ń wọn gbogbo ẹrù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n 4G ń pín ẹrù tirẹ̀ sí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀, ẹyọ okùn kan ṣoṣo ni fóònù sì ń wọ̀n. Níbi tí 4G bá ti ń lo àyè 20 MHz, okùn náà jẹ́ 1,200. Ìlọ́po 1,200 sì jẹ́ nǹkan bí dB mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi bírò kọ ọ́ sórí ìwé. "Ẹ̀tàdínlọ́gọ́rùn-ún, ká yọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n... Mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ìyẹn −66. Ohun tí a rí lánàá—" wọ́n tún ara wọn ṣe, "—lówùúrọ̀ yìí, nígbà tí o gbé e lé orí kọ́bọ́ọ̀dù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó dáa. Bá mi mú kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn bọ̀ tó o bá ń kọjá lọ́la, ìwọ lo mú un lọ lówùúrọ̀."